Ẹrù Bàbá Etí Adágún

Ní ìlú tí mo ń gbé báyìí, èèyàn lè jáde láàárọ̀, kó rìn dé ibi iṣẹ́, kó padà sílé nírọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má kí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé wọ́n ń bínú sí mi ni. Mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé. Mo ń kí àwọn tó dúró de bọ́ọ̀sì, mo ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀ ojú títì, mo sì ń tẹ orúnkún díẹ̀ fún ẹni tó bá ti hu ewú. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan dá mi dúró. Ó ní ṣé orúnkún ló ń dùn mí, pé òun mọ ìpara kan tó dáa fún un.

Mo sọ ọ́ fún Àǹtí Rísíkà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n sì ti pẹ́ níbí jù mí lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ.

"Ẹ̀yin ará Kàbà! Okun níhìn-ín, okun lọ́hùn-ún. Ó kù kó o máa kí òpó iná."

"Àǹtí, èmi kì í ṣe ará Kàbà. Ìyàmoyè ni mo ti wá."

"Ọ̀kan náà ni gbogbo yín. Má kí wọn mọ́ jàre. Tí wọ́n bá kí ẹ, dá wọn lóhùn. Tí wọn ò bá kí ẹ, máa bá tìẹ lọ."

Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀ ni mo jáwọ́ nínú kíkí. Láti kékeré ni ojú ti máa ń tì mí, n kò lè dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárín èèyàn. Ṣùgbọ́n nílé, kíkí ni kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí mo bá ti ní "okun o," ìkíni wa, wọn á ní "okun," wọn á béèrè ìyá mi, wọn á béèrè oko, ọ̀rọ̀ á sì ti tán kó tó di pé mo ń wá ohun tí mo máa sọ. Ìgbà tí mo fi kíkí sílẹ̀ ni mo tó rí i pé n kò ní ohùn mìíràn.

Yàrá ìfọṣọ ni iṣẹ́ mi wà, ní ìsàlẹ̀ ilé náà. Aṣọ ibùsùn àwọn arúgbó ni mò ń fọ̀, tí mò ń gbẹ, tí mò ń ká. N kò kàwé púpọ̀. Mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú, tí oko kajú wa di ti èmi àti ìyá mi. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ìfọṣọ wọ̀nyẹn kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Mo fi àwọ̀ dá wọn mọ̀: èyí tó pupa fún aṣọ tó dọ̀tí gan-an, èyí tó dúdú fún aṣọ òtútù. Ọjọ́ tí ọ̀gá sọ̀kalẹ̀ wá tó ní aṣọ mi mọ́, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé bí ẹni gbé ẹran ọdún. Ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ìwé ìgbélùú mi sì so mọ́ iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá lé mi níbẹ̀, ilé ló kàn.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Èdè Ìjùmú tiwa ni wọ́n ń sọ lẹ́nu. Èmi ni mo ń kọ ọ́ báyìí kí gbogbo ọmọ Yorùbá lè gbọ́ ọ.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Iye."

"Ta lẹ jọ ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"A pọ̀."

"Dárúkọ wọn."

"Àǹtí Rísíkà."

"Àti ta?"

"Iye, fóònù yìí ń já o. Ẹ kò gbọ́ mi dáadáa."

Wọ́n ń gbọ́ mi dáadáa. Àwa méjèèjì la mọ̀.

Igbó kan wà lẹ́yìn ilé ìtọ́jú náà. Ọ̀nà kan wọ inú rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè sàmì sára igi kí èèyàn má baà ṣìnà. Ọ̀nà náà yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ láàárín igi, gbòǹgbò yóò dábùú rẹ̀ níbí, dábùú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, pákó tí wọ́n tò sórí ẹrẹ̀ ni èèyàn yóò gbà dé etí adágún omi kan. Yóò yí adágún náà po, yóò gun òkè olókùúta kan, yóò sì bọ́ síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò le jù, kò sì rọrùn. Ẹni tí kò bá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣubú.

Òórùn ló pè mí wọlé. Òjò ti rọ̀, mo ń lọ sílé láti ibi iṣẹ́, mo gbọ́ òórùn ewé jíjẹrà, òórùn ọ̀nà oko wa ní ìdí òkè gan-an. Mo dúró. Mo wọ inú igbó náà bí ẹni tí wọ́n fà lọ́wọ́. Àwọn igi wà ní ìhòòhò, n kò mọ orúkọ ọ̀kankan nínú wọn, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi mọ bí wọ́n ti ń rìn níbẹ̀.

Òtútù ló sọ mí di ẹni tó ń sáré. Bí mo bá rìn, ìka mi á kú. Bí mo bá sáré díẹ̀, ara mi á yá. Mo rí àwọn mìíràn tí wọ́n ń sáré nínú igbó náà, tọkùnrin tobìnrin, nǹkan kan kò lé wọn, wọn kò lé nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín wọn nínú ara mi, kí n tó di ọ̀kan lára wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ n kì í lè dé ìdí òkè. Mo ń sáré, mo ń rìn, mo ń di igi mú. Ọjọ́ tí mo yí adágún náà po, tí mo sì gun òkè náà láìdúró, mo fẹ́ sọ fún ẹnì kan. Pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló wà nítòsí.

Mo sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ Àìkú.

"Nínú igbó? Kí ló ń lé ọ?"

"Kò sí nǹkan, Iye."

"Kí lo wá ń lé?"

"Kò sí."

"A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, ìwọ ọmọ yìí."

"Kò sí ẹ̀gún níbẹ̀. Wọ́n tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe."

"Ìwọ àti ta?"

"Èmi nìkan ni."

"Ejò ńkọ́?"

"Òtútù kì í jẹ́ kí wọ́n jáde."

"Ejò gan-an gbọ́n jù ọ́ lọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé igbó yẹn ti di tèmi. Níbi gbogbo mìíràn ní ìlú yìí, mo gbọ́dọ̀ rò ó kí n tó ṣe é: ibi tí mo máa jókòó nínú bọ́ọ̀sì, bí mo ṣe máa gbé ojú mi, ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ bí wọ́n bá bi mí léèrè. Nínú igbó, ara mi ló ń ṣáájú, èrò mi á wá tẹ̀ lé e bó bá wù ú. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ewu wà.

Òfin kan wà ní ọ̀nà oko wa tí ẹnikẹ́ni kò kọ síbì kankan. Bí ọmọdé bá bá àgbà tó gbé ẹrù lọ́nà, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ òfìfo kọjá lára rẹ̀. Yóò gba ẹrù náà, yóò máa tẹ̀ lé àgbà náà, títí àgbà yóò fi sọ pé, "Ó tó, máa lọ." Bí ilé àgbà bá jìnnà sí tìrẹ, ìwọ lo mọ̀. Mo ti ru igi ìdáná tí kì í ṣe tiwa. Mo ti ru iṣu, mo ti gbé kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jò. Mo tilẹ̀ ti gbé ewúrẹ́ ìyá kan tí kò fẹ́ kí n gbé òun, ó sì tọ̀ sí mi lára kí a tó délé. Ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́ púpọ̀ nítorí rẹ̀, bí a kì í ti í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mí sínú, tó mí síta.

Bàbá kan wà tó máa ń sáré ní ọ̀nà adágún náà. Irun rẹ̀ funfun báláú, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì tín-ín-rín. Ṣòkòtò péńpé ló máa ń wọ̀ nínú òtútù, pẹ̀lú báàgì kékeré kan ní ẹ̀yìn. Mo máa ń rí i níwájú lọ́ọ̀ọ́kán, n kò sún mọ́ ọn rí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí n kò níṣẹ́, mo bá a ní òkè olókùúta. Eré rẹ̀ ti di ìrìn. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Okùn kan lára báàgì náà ti yọ̀ kúrò ní èjìká rẹ̀, báàgì sì ń gbá a ní ìbàdí.

Ọwọ́ mi ti dé ibẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo di báàgì náà mú láti ẹ̀yìn, mo sì gbà á.

Ó yí padà wìì, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. "Hẹ̀! Kí lò ń ṣe? Olè! Olè!"

Mo dúró. Báàgì wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo òyìnbó tí mo gbọ́ fò lọ lórí mi, ó ku ọ̀rọ̀ kan péré. "Ẹ má bínú. Ẹ má bínú." Obìnrin kan tó ń fi okùn fa ajá ń bọ̀ láti òkè. Ajá náà ń gbó. Obìnrin náà ti mú fóònù jáde kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó fẹ́ gba báàgì mi!"

Bàbá náà já báàgì rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà, ó wo àyà mi. Jákẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ ni mo wọ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ilé ìtọ́jú náà sí i gàdàgbà. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń ka orúkọ náà.

"Kúrò níwájú mi," ó ní.

Mo sá. Ẹni tó bá rí bí mo ṣe sá lọ́jọ́ náà yóò ní olè ni lóòótọ́.

Àǹtí Rísíkà kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"O fẹ́ bá òyìnbó gbé báàgì. Nínú igbó. Láti ẹ̀yìn."

"Àgbàlagbà ni, Àǹtí. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Àgbàlagbà tó ń sáré! Tó bá rẹ̀ ẹ́, kò lè jókòó sílé ni?" Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá ìfọṣọ. "Gbọ́ mi dáadáa. Má dé ibẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá bi ẹ́, o ò mọ igbó, o ò mọ bàbá. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí ọ̀gá, ṣé wọ́n á wá béèrè àṣà Ìyàmoyè lọ́wọ́ ẹ ni? Ìwé ẹ ni wọ́n á fà ya."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ń fi inú jákẹ́ẹ̀tì náà síta bí mo bá ń lọ sílé. Bí mo bá gbọ́ bàtà ọ̀gá lórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ mi á dúró lórí aṣọ. Wọn kò pè mí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá, wọn kò pè mí, ìyẹn gan-an kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Bí mo bá jókòó nínú yàrá mi, ẹsẹ̀ mi á máa jó fúnra rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo ti ojú fèrèsé ń wo orí àwọn igi náà. Ewé tuntun ti ń yọ lára wọn, n kò sì sí níbẹ̀.

"Ohùn rẹ ti kéré," ìyá mi wí lọ́jọ́ Àìkú. "Má sọ fún mi pé fóònù ló ń já."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo rò pé wọn á pè mí ní "ọmọ mi," wọn á bá mi bú bàbá náà. Àwọn adìẹ àgbàlá wa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú fóònù.

"O kí i?" wọ́n ní.

"Iye?"

"Mo ní, kó o tó na ọwọ́ sí ẹrù rẹ̀, ṣé o kí i?"

"Wọn kì í kí èèyàn níbí."

"N kò béèrè tiwọn. Ìwọ ni mò ń bi."

"N kò kí i."

"Ẹni tó bá ti ẹ̀yìn wá, tí kò kí èèyàn, tó mú ẹrù rẹ̀, kí là ń pè é nílé?"

Mo mọ ohun tí à ń pè é.

"Lọ bá a. Tọrọ àforíjì."

"Iye, ó mọ ibi iṣẹ́ mi. Bó bá tún rí mi, tó bá fi ẹjọ́ sùn, wọ́n lè lé mi kúrò nílùú."

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe mí kanlẹ̀. "Mo gbọ́. N kò fẹ́ kí wọ́n lé ọ. N kò lè fi ọ́ ṣe ẹbọ fún ẹnikẹ́ni. Bó o bá lọ, Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Bí o kò lọ, n kò ní bi ọ́ mọ́. Àmọ́ àgbà kan wà lọ́hùn-ún tó rò pé ọmọ mi jalè."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e padà sílé. Mo máa ń rò pé èèyàn lè fi ilé sílẹ̀ kó sì gbé gbogbo ilé dání. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ìdajì ni mo gbé wá. Èyí tí ọwọ́ mi mọ̀ ṣì wà, èyí tí ẹnu mi mọ̀ ni mo ti sọ nù ní etí òpópónà, nítorí pé wọn kò dá mi lóhùn. Ìdajì kò sì jọ tiwa, kò jọ tiwọn. Olè ló jọ.

Lọ́jọ́ tí mo tún ráyè, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì náà, mo fi orúkọ rẹ̀ síta, mo lọ. N kò sọ fún Àǹtí Rísíkà. N kò sáré. Mo rìn dé ibi pákó orí ẹrẹ̀, mo sì rí ẹ̀yìn rẹ̀ níwájú, lẹ́bàá omi. Ó dúró, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Mo dúró níbi tó jìnnà, mo pariwo kí i kí n tó sún mọ́ ọn. Mo kí i ní èdè tiwọn, ẹnu mi kò sì gbà pé ó tó.

"Okun o, Bàbá!"

Ó gbé orí sókè. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi okùn báàgì.

"Ìwọ ni."

"Èmi ni, sà. Èmi kì í ṣe olè." Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ náà sórí láti ilé. "Ní ọ̀dọ̀ wa, bí àgbà bá gbé ẹrù, ọmọ á gbà á. Ó yẹ kí n kí yín ná. N kò kí yín. Mo ṣe ohun tí kò dáa. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ó wò mí títí. Pẹ́pẹ́yẹ kan fò sórí omi.

"Mo gbé fóònù láti pe ibi iṣẹ́ rẹ," ó ní.

Mo fi ọwọ́ bo orúkọ tó wà ní àyà mi.

"Mo tún gbé e sílẹ̀."

"Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á..."

"Má dúpẹ́. Ohun tí mo máa sọ ni n kò mọ̀. Pé ọmọbìnrin kan gba báàgì mi, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀? Irú olè wo ló máa ń dúró?" Ó gbọn orí. "Ṣùgbọ́n o bí mi nínú. Ó ṣì ń bí mi nínú. Ọmọ mi obìnrin ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ti gbé àkàbà mi lọ. Ní ilé ìtajà, wọ́n ń sáré wá bá mi gbé búrẹ́dì. Búrẹ́dì! Mo ní n óò wá sínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bá mi gbé nǹkan kan."

"Kí ló wà nínú rẹ̀, sà?"

"Omi. Aṣọ ìnura. Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ."

"Kò wúwo."

"Kò wúwo rárá," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ rín in.

Mo ń rántí àwọn tí mo ti gba ẹrù lórí wọn nílé. N kò bi ọ̀kankan nínú wọn léèrè rí bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bóyá ẹnì kan wà láàárín wọn tó fẹ́ fi orí ara rẹ̀ gbé igi rẹ̀ délé, kó fi mọ̀ pé òun ṣì wà, tí kò sì lè sọ ọ́, nítorí ọmọ rere ni mò ń ṣe. N kò tíì bi ìyá mi. N kò mọ bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀.

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Mo tẹ̀ lé e, mo fi àyè sílẹ̀. A yí adágún náà po. Nígbà tí a dé òkè olókùúta, eré rẹ̀ di ìrìn, mo sì tún ń gbọ́ èémí rẹ̀. Okùn báàgì náà tún yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan di èkejì mú.

Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó dúró lórí ewé.

"Kọjá."

"Ẹ máa lọ, sà. Mo lè dúró."

"Ẹsẹ̀ bí ẹsẹ̀ rẹ yẹn ló ń dúró? Kọjá, ọmọ yìí!"

Mo tẹrí ba, mo sì kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. N kò ṣe irú rẹ̀ rí láyé mi. Ara mi gbóná bí ẹni pé gbogbo ìlú wa jókòó sábẹ́ igi, tí wọ́n ń wò mí. Mo gun òkè náà. N kò bojú wẹ̀yìn, kó má baà rò pé mò ń ṣọ́ òun. Ṣùgbọ́n n kò sáré ju ibi tí mo ti lè gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá falẹ̀, tèmi náà á falẹ̀. Bó bá tún yára, mo yára. Báyìí la ṣe gun òkè náà dé orí, òun pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, èmi pẹ̀lú etí mi.